Àlejò Orí Igi: Ìtàn Rhipsalis, Cactus tó Rékọjá Òkun

Ìtàn ewéko ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Bí a bá dárúkọ cactus, aginjù àti ẹ̀gún ló máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹlòmíì á ní ṣebí orọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà nílé bàbá òun náà ni. Rárá o. Ẹ ṣẹ́ orọ́, oje funfun ni yóò máa kán. Ẹbí ọ̀tọ̀ ni, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ti ṣẹ̀. Amẹ́ríkà ni ẹbí cactus ti ṣẹ̀ ní tirẹ̀, láti Kánádà títí dé Ajẹntínà. Irú wọn ju 1,400 lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ nínú igbó Áfíríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Rhipsalis baccifera.

Kò jọ cactus rárá. Kò ní ewé, bó bá sì ti dàgbà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ní ẹ̀gún. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó tutù yọ̀yọ̀, ó sì máa ń rọ̀ wálẹ̀ láti orí ẹ̀ka igi bí irun tí a kò tíì dì. Òdòdó rẹ̀ kéré, èso rẹ̀ sì funfun roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Nítorí bó ṣe ń rọ̀ yìí ni àwọn tó ń kó ewéko jọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣe ń gbìn ín sínú ìkòkò, tí wọ́n ń fi í kọ́ ojú fèrèsé.

Ẹ̀sùn kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi kan ewéko yìí. Ní 1771, orúkọ tí wọ́n kọ fún un nínú ìwé ni Cassytha baccifera. Cassytha jẹ́ ìdílé àwọn ìtàkùn tó ń fa oje igi ẹlòmíì mu. Ní 1788, Joseph Gaertner, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, fún un ní orúkọ Rhipsalis, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń hun apẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, òun náà kò mọ̀ pé cactus ló wà níwájú òun; ìbátan Cassytha ló pè é. Ní kúkúrú, olè ni wọ́n pe àlejò.

Àwa Yorùbá mọ irú olè bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ló bá tan. Àfòmọ́ máa ń ki ẹnu bọ inú ẹ̀ka igi, á sì máa mu nínú omi tí igi náà fà. Rhipsalis kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní gbòǹgbò tirẹ̀, èèpo igi nìkan ló fi dì mú. Omi òjò ló ń mu, ìdọ̀tí ewé tó jẹrà sí ìkóríta ẹ̀ka ló sì ń jẹ. Ibùjókòó nìkan ló tọrọ lọ́wọ́ igi, kò tọrọ oúnjẹ.

Báwo ló wá ṣe dé Áfíríkà? Láti Brazil sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí òkun ti tóóró jù, tó nǹkan bí 3,000 kìlómítà. Àwọn kan ní àwọn atukọ̀ ló gbé e wá, lásìkò tí ọkọ̀ òkun ń lọ tó ń bọ̀ láàárín etíkun méjèèjì. Àwọn mìíràn ní ẹyẹ ni, nítorí èso rẹ̀ ní oje tó ń lẹ̀, hóró rẹ̀ sì kéré.

Kò sí ìwé ọkọ̀ tí a lè fi dájọ́ náà, ṣùgbọ́n ara ewéko fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí. Àwọn ti Áfíríkà ní chromosome tó jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti àwọn ìbátan wọn ní Amẹ́ríkà. Èyí tó wà ní Madagásíkà sì ti yàtọ̀ débi pé ó ní irun gan-an-gan-an lára. Irú ìyàtọ̀ yìí kì í sábà ṣẹlẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́yẹ ló wúwo jù. Kí wọ́n tó kó àwọn ènìyàn wa ní ẹrú lọ sí Brazil, ewéko yìí ti gba ojú òkun kan náà wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Abẹ́ ìbòòji ẹ̀ka ló ń gbé, nítorí náà, ẹ má gbé e sí oòrùn ọ̀sán gangan. Orí èèpo igi ló ń gbé, nítorí náà, ẹ po èèpo igi àti háhá àgbọn mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kí omi lè tètè ṣàn jáde. Òjò máa ń rọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ ẹ gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ojú iyẹ̀pẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún bomi rin ín. Bí ẹ bá fẹ́ pín in fún ọ̀rẹ́, ẹ gé ọwọ́ rẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ tó kì í bọ ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òwò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Igbó etíkun Brazil tí wọ́n ń pè ní Mata Atlântica ni irú Rhipsalis pọ̀ sí jù. Oko ìrèké, oko kọfí àti ìlú ńláńlá ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú igbó náà run. Bí irú kan bá ṣe ń ṣọ̀wọ́n sí i ni àwọn olùkójọ ṣe ń wá a sí i. Ìdí nìyí tí àdéhùn CITES, tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní Washington ní 1973, fi kan ìdílé cactus fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: a kò gbọdọ̀ kó wọn kọjá ibodè láìgba ìwé àṣẹ. Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ní 1974.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ọwọ́ ẹni tó ti gbìn ín tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ ti gé e, ẹ má lọ já a nínú igbó. Bí ẹ bá sì rí ohun tó rọ̀ wálẹ̀ lórí igi lóko, ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fa àdá yọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tó gun orí igi ni àfòmọ́.