Ìsàlẹ̀ Ọkọ̀ Ni Ìyàtọ̀ Wà

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì kò dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ní Amẹ́ríkà àfi ìgbà tí ẹ́ńjìnnì di ohun tí èèyàn kan lè dá gbé. Ole Evinrude, ọmọ Norway tó fi Milwaukee ṣe ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ lọ́dún 1909: agbára ẹṣin kan ààbọ̀, kìlógíráàmù 28, tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí ọkọ̀ alájẹ̀. Nígbà tó fi máa di ẹ̀wádún 1920, ẹni tówó rẹ̀ gbé e ń ra Chris-Craft, ọkọ̀ pákó dídán tí wọ́n ń kàn ní Algonac, Michigan. Kò sẹ́ni tí yóò ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Fáíbà, tí wọ́n wá ń fi ṣe ọkọ̀ dípò pákó, ló da ọ̀rọ̀ rú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ lè fi móòdù kan ṣoṣo ṣe ọkọ̀ lọ rẹpẹtẹ, títí tí ọkọ̀ méjì fi lè bára dọ́gba ní gígùn, ní àga àti ní owó, kí ìṣe wọn lórí omi sì yàtọ̀ pátápátá.

Raymond Hunt, ayàwòrán ọkọ̀ ará Massachusetts, ló fi ìyàtọ̀ náà hàn jù. Òun àti Dick Fisher ló gbé Boston Whaler jáde lọ́dún 1958, ẹsẹ̀ bàtà 13, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí fóòmù sì kún àárín fáíbà rẹ̀. Lọ́dún 1961, ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán Fisher jáde níbi tí wọ́n ti ń fi ayùn rẹ́ ọkọ̀ náà sí méjì pẹ̀lú rẹ̀ nínú. Ó wa ìlàjì tí ẹ́ńjìnnì wà lọ ní tirẹ̀. Irú ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í mì púpọ̀ bí àwọn ọmọdé bá kó ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àmọ́ tí ìgbì bá dé, ó máa ń gbá èèyàn mọ́lẹ̀ gan-an ni.

Hunt kan náà ló ya ìsàlẹ̀ tó mú bíi lẹ́tà V láti imú dé ìdí. Dick Bertram fi ṣe ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Moppie, tó sá eré Miami sí Nassau lọ́dún 1960 nínú òkun tó ru gùdù. Wákàtí mẹ́jọ ló fi dé. Ọkọ̀ kejì tó wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀ kó tó gúnlẹ̀. Bertram 31 tó jáde tẹ̀ lé e gba ìrísí Moppie. Ìsàlẹ̀ yìí ń la ìgbì bí ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ó ń fì sọ́tùn-ún sósì bó bá dúró, ó sì ń béèrè ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù. Ìdílé tó ń lọ sórí adágún kò nílò rẹ̀ tó ti etí òkun.

Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ìdílé lẹ́yìn náà wá ń mú díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ́ńjìnnì náà sì pín sí méjì: lọ́dún 1959, Volvo Penta gbé èyí tó wà nínú ọkọ̀ jáde, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ sẹ́yìn sínú omi. Ó fi ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ gbalasa fún ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n títún un ṣe ṣòro ju èyí tó rọ̀ síta lọ.

Òfin ààbò ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà lọ́dún 1971 fi ohun mìíràn kún un. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 gbọ́dọ̀ ní àwo kékeré kan níbi tí awakọ̀ yóò ti rí i, tí iye èèyàn àti ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé wà lára rẹ̀.