Kọ́mà Láàárín Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe: Láti Alẹkisáńdíríà dé Trans-Amadi

Ní Trans-Amadi, agbègbè ilé-iṣẹ́ ní Port Harcourt, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ epo fi ń kọ ìwé tí wọ́n fi ń ra ohun èlò. Bí akọ̀wé bá kọ “rusted, leaking pipes”, páìpù tó ti dípẹtà tó sì ń jò, kọ́mà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá kọ “old steel pipes”, kọ́mà kò sí níbẹ̀.

Pípààrọ̀ ipò àwọn ọ̀rọ̀ náà ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. “Leaking, rusted pipes” ṣì dán mọ́rán, a sì lè fi “and” sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n “steel old pipes” kò bá etí mu: “steel” ti so mọ́ “pipes”, àwọn méjèèjì pọ̀ ni “old” sì ń ṣàpèjúwe.

Àmì náà ti dàgbà ju òfin yìí lọ. Ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, Aristophanes ará Byzantium, alábòójútó ilé ìkàwé Alẹkisáńdíríà, ń fi àmì róbótó kékeré sí òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀ ìlà kí òǹkàwé lè mọ ibi tí yóò ti dánu dúró. Láàárín ọdún 1490 sí 1500, Aldus Manutius, òǹtẹ̀wé ní Venice, fún kọ́mà ní ìrísí títẹ̀ tó ní lónìí.

Kọ́mà láàárín ọ̀rọ̀ àpèjúwe wá di òfin ilé-ìwé nígbà tí Lindley Murray, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tó ń gbé York, tẹ English Grammar jáde ní 1795. Ó ní kí a fi kọ́mà ya ọ̀rọ̀ àpèjúwe méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ orúkọ kan; bí “and” bá ti so méjì pọ̀, kí a yọ kọ́mà kúrò.

Ìṣòro yìí kì í sábà yọ Yorùbá lẹ́nu. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ni àpèjúwe sábà ń wà, a sì ń tò wọ́n tẹ̀léra láìsí kọ́mà: “ilé ńlá funfun”. Irú “arẹwà obìnrin”, níbi tí àpèjúwe ti ṣáájú, kò pọ̀.

Èdè Ìjọ (Ijaw) ń ṣe òdìkejì. Ìdílé èdè yìí ni ti àwọn Okrika tó wà ní Amadi-Ama, nítòsí Trans-Amadi. Nínú orúkọ ìlú bí Opuama, “opu”, ńlá, ló ṣáájú “ama”, ìlú.

Síbẹ̀, ọmọ Okrika àti ọmọ Yorùbá tó jọ jókòó ní ọ́fíìsì kan yóò ṣe ìdánwò kan náà fún “cheap, faulty safety valves”. Kọ́mà kan péré ló tọ́ sí i, torí “safety” kò ṣeé yà kúrò lára “valves”.