Àwọn Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lágbègbè Òkè ní Kúbà

Kúbà tóbi ju gbogbo erékùṣù inú òkun Karibéánì lọ. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òkè wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì àti láàárín: Sierra de los Órganos àti Sierra del Rosario ní ìwọ̀-oòrùn, Escambray láàárín, Sierra Maestra àti àwọn òkè Baracoa ní ìlà-oòrùn. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn ń wá lọ, nítorí ọ̀nà ọlọ́dà wà níbẹ̀, ọkọ̀ kò sì pọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀wọ́n epo ló fà á. Kò sí ọ́fíìsì kankan tó jókòó ṣètò ọ̀nà fún oníkẹ̀kẹ́. Títí di 1991, Sófíẹ̀tì ló ń ta epo fún Kúbà ní pọ̀ọ́kú, Kúbà sì ń fi ṣúgà san án. Nígbà tí Sófíẹ̀tì túká, epo dá, bọ́ọ̀sì jókòó sí gáréèjì, ìjọba wá ra kẹ̀kẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan láti Ṣáínà. Flying Pigeon àti Forever wà lára orúkọ tí wọ́n kọ sí wọn: irin tó wúwo, tí kò ní jíà. Dókítà gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Bàbá gbé ọmọ síwájú, ìyá jókòó sẹ́yìn. Bí epo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Fẹnẹsúélà lẹ́yìn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ èèyàn pa kẹ̀kẹ́ tì, ta ni yóò sì dá wọn lẹ́bi? Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, epo tún ti wọ́n. Ohun tí àlejò ń pè ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ojú ọ̀nà, ará abúlé tó ti dúró ní ìkóríta láti ìdájí, tó ń retí ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò gbé e, kò ní pè é bẹ́ẹ̀.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni La Farola, ọ̀nà tó ti etí òkun Cajobabo gun òkè, tó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Baracoa. Baracoa ni ìlú tí àwọn ará Spéìn kọ́kọ́ tẹ̀dó ní Kúbà, ní 1511, síbẹ̀ ó lé ní irínwó ọdún tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sábà ń wọ̀ débẹ̀. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba 1959 ni wọ́n tó la ọ̀nà yìí já. Níbi tí àpáta kò ti gbà wọ́n láàyè, wọ́n gbé títì lé òpó kọnkéré lẹ́bàá ọ̀gbun, tí ẹni tó bá bojú wolẹ̀ yóò fi máa rí orí igi nísàlẹ̀.

Láti Guantánamo dé Cajobabo, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Oró àti igi ẹlẹ́gùn-ún ló kún àyíká San Antonio del Sur àti Imías, nítorí pé ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún ni ẹ̀fúùfù tó ń ti òkun àríwá gbé òjò bọ̀ ti ń da omi rẹ̀ sílẹ̀; tí yóò bá fi ré kọjá, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gun La Farola dé Alto de Cotilla, tó ga tó nǹkan bí 600 mítà, yóò bọ́ láti inú ẹ̀gún sínú oko kòkó, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Lórí òkè náà, àwọn òǹtajà á na cucurucho síni: àgbọn tí wọ́n rin, tí wọ́n fi oyin àti èso sè pọ̀, tí wọ́n wé sínú ewé ọ̀pẹ bí òkòtó. Ó dùn, ó sì ń fúnni lágbára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyà bíréèkì bẹ̀rẹ̀, nítorí ìhà Baracoa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ, títì rẹ̀ sì ń yọ̀.

Ẹ̀fúùfù tó ń gbé òjò bọ̀ yìí kan náà ló yẹ kó pinnu ibi tí èèyàn á ti gbéra. Láti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ló sábà ń fẹ́, nítorí náà ẹni tó gbéra ní Baracoa tàbí Santiago yóò ní in lẹ́yìn. Ìdíje kẹ̀kẹ́ Vuelta a Cuba, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964, sábà máa ń ti Baracoa sáré lọ sí Havana nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe é. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni ẹ̀ẹ̀rùn; oṣù kẹfà sí ìkọkànlá ni ìgbà ìjì líle.

Lójú tèmi, ọ̀nà etí òkun gúúsù, láti Santiago lọ sí Chivirico títí dé Pilón, ta La Farola yọ. Òkè Sierra Maestra fún ọ̀nà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ omi, Pico Turquino tó ga ju gbogbo òkè Kúbà lọ, ní 1,974 mítà, sì dìde láti ìtòsí òkun. Ìgbì àti ìjì ti jẹ títì jẹ ní ọ̀pọ̀ ibi, afárá mìíràn ti dà wó. Oníkẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, á gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, á sì gba orí òkúta odò kọjá. Lẹ́yìn Chivirico, ilé oúnjẹ ṣọ̀wọ́n, kí èèyàn ru omi rẹ̀ dání. Ní El Uvero, tó wà lójú ọ̀nà yìí, ni àwọn ọmọ ogun Fidel Castro ti kọlu bárékè ìjọba ní 28 oṣù karùn-ún 1957.

Kí ọmọ Yorùbá tó kúrò ní Santiago, ó yẹ kó yà sí El Cobre, nǹkan bí 20 kìlómítà sí ìlú, nínú òkè tí wọ́n ti ń wa bàbà tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Virgen de la Caridad wà níbẹ̀. Wúńdíá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn babańlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé débẹ̀, ń pè ní Ọ̀ṣun. Lójú ọ̀nà, àwọn òǹtajà á máa na òdòdó yẹ́lò sí ẹni tó ń kọjá. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ni ọdún rẹ̀. Èrò kì í jẹ́ kí ọ̀nà náà dá ní àkókò yẹn.

Escambray kò gùn, ṣùgbọ́n ó le. Láti Trinidad sí Topes de Collantes jẹ́ nǹkan bí 20 kìlómítà, ó sì ga tó nǹkan bí 800 mítà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́. Oko kọfí ló wà lókè náà. Ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà àríwá láti Bahía Honda gba La Palma wọ àfonífojì Viñales, tí UNESCO fi sínú àwọn ogún àgbáyé ní 1999. Kò sí òkè gíga níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó tẹ́jú náà. Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, ewé tábà á máa gbẹ nínú abà onímọ̀ ọ̀pẹ.

Ilé àdáni ni arìnrìn àjò sábà ń sùn sí; ìjọba fàyè gba irú ilé bẹ́ẹ̀ láti 1997. Fọkanáísà, tí wọ́n ń pè ní ponchero, wà ní ọ̀pọ̀ ìlú, ó sì mọ iṣẹ́, àmọ́ kò ní táyà tó bá kẹ̀kẹ́ àlejò mu. Kí èèyàn mú túbù tirẹ̀ dání. Kí ẹnikẹ́ni má gùn ún lálẹ́, nítorí kẹ̀kẹ́ ẹṣin àti kòtò ojú títì kò ní iná.