Àwo mẹ́rin, ìtàn kan: ohun tí Fẹlá kọ sílẹ̀ fún wa

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi.

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, nínú yàrá abẹ́ ilé tí mo háyà ní Beltsville níbí, mò ń gbọ́ Unknown Soldier, mo sì ń kọ nǹkan sílẹ̀ fún ìwé ìwádìí mi. Ni bàbá onílé mi bá sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, pa nǹkan yẹn." Mo pa á, mo rò pé ariwo ló ń dà wọ́n láàmú. Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní ọmọ ilé ìwé girama làwọn nígbà yẹn, ní Múṣín. Àwọn rí èéfín lápá Àgége Mọ́tọ̀ Róòdù, àwọn sì sá. Wọn ò tíì sọ ọ́ fáwọn ọmọ wọn rí.

Ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíì wọ̀ ọ́. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní ohun tí wọ́n ń pè ní concept album: àwo tí gbogbo orin inú rẹ̀ ń sọ ìtàn kan ṣoṣo. Èyí táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni The Wall ti Pink Floyd, tó jáde ní oṣù kọkànlá 1979. Roger Waters ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ogun pa bàbá rẹ̀ ní Anzio, ní Ítálì, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1944, nígbà tí òun ò tíì pé oṣù mẹ́fà. Nínú àwo náà, ọmọ aláìníbaba kan dàgbà, ó mọ ògiri yí ara rẹ̀ ká. Níkẹyìn, wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀, adájọ́ sì ní kí wọ́n wó ògiri náà.

Ọdún 1979 yẹn náà ni Unknown Soldier jáde. Mi ò sọ pé ẹnì kan wo ẹnì kejì o. Ohun tí mò ń sọ ni pé Fẹlá náà ń sọ ìtàn kan ṣoṣo, àmọ́ ó pín in sí àwo mẹ́rin.

Zombie ló ṣáájú, ní 1976: sójà tí kò ní èrò kankan mọ́ àfi àṣẹ ọ̀gá. Inú bí àwọn ológun. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977 (ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa), sójà ya bo Kalakuta ní Mọ́ṣáláṣí. Wọ́n lu àwọn ará ilé bí ẹni máa kú, wọ́n dáná sunlé, wọ́n ju ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni ọdún 76, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá kú ní oṣù kẹrin 1978.

Ìkejì ni Sorrow Tears and Blood, 1977. Níbẹ̀, ó kojú sí àwa aráàlú, ó ń bi wá ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà wá tó bẹ́ẹ̀. Bàbá onílé mi wà nínú àwo yẹn.

Ìkẹta ni Unknown Soldier, orin kan ṣoṣo tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ojú méjèèjì àwo ló gbà. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Èsì wọn ni pé sójà tí a kò mọ̀ ló sunlé. Fẹlá mú gbólóhùn yẹn, ó fi ṣe orúkọ àwo. Ẹjọ́ inú The Wall, ọkàn ni wọ́n ti dá a, ògiri sì wó. Ti Fẹlá, gbangba ni, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi.

Ìkẹrin, Coffin for Head of State. Nígbà tí ìjọba ológun fẹ́ gbé agbára sílẹ̀ ní 1979, wọ́n gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, níbi tí Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta bíi tiwọn, ti ń ṣèjọba. Ọmọ Yorùbá wo ló nílò ògbufọ̀ bí wọ́n bá gbé pósí síwájú ilé rẹ̀?

Ìdílé náà lọ sílé ẹjọ́. Orúkọ ìyá ló ṣáájú lórí ìwé ẹjọ́. Ní 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní wọn ò lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba, nítorí òfin tí a jogún lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọba kì í ṣẹ̀. Ọba kì í ṣẹ̀ kẹ̀? Lọ́dọ̀ àwa tí a ń ní kọ́ba ṣígbá wò? Ìyá yìí kan náà ló kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ nítorí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ó padà lẹ́yìn náà o, àmọ́ gbogbo Ẹ̀gbá ti rí i pé ọba ń ṣẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà bi mí bóyá àwo orin jẹ́ ẹ̀rí. Mo mọ̀ pé Fẹlá kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Inú ń bí i, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba ní òun ò mọ ẹni tó ṣe é. Tí ìwé bá dákẹ́ báyẹn, ibo la fẹ́ kí òpìtàn lọ?

Nígbà tí Bàbá parí ọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n gbé e sí i padà láti ìbẹ̀rẹ̀. A ti gbọ́ ọ dé ìdajì kí ọmọ wọn tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ń béèrè pé kí là ń gbọ́. Bàbá ní kó jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àgbà nílé, ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.