Ta ni yóò jẹ́rìí ìwà tíṣà?

Ẹni tó bá wọ Mowé tàbí Ìbàfò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí àwọn ọmọ iléèwé nínú aṣọ oríṣiríṣi àwọ̀, lórí ọ̀kadà, nínú kẹ̀kẹ́ Marwa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí ẹ bá sọdá sí Ifọ̀, bákan náà ló rí. Iléèwé aládàáni pọ̀ ládùúgbò wọ̀nyí débi pé òpópónà kan lè ní méjì mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dọ́ bíi tiwa: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, ẹni tó ń wá iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ẹni tó jẹ́ pé ìwé mẹ́wàá nìkan ló ní.

Ìbéèrè méjì ló yẹ kí òbí bi irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí lo kà? Irú èèyàn wo sì ni ọ́? Ìwé ẹ̀rí ló ń dáhùn ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì ńkọ́? Ìtàn ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ sọ, torí pé láti ayé àwọn baba wa ni wọ́n ti ń bi í, ẹni tó ń dáhùn rẹ̀ ló ń yí padà.

Kí ìwé tó dé, ẹ̀kọ́ wà. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí ìṣègùn á mú un lọ bá ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá, àmọ́ gbogbo ìlú mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ bàbá rẹ̀, wọ́n sì mọ bó ṣe ń ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn aládùúgbò ni ẹlẹ́rìí. Ìyẹn ni ọwọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rí ìwà wà.

Àwọn míṣọ́nnárì ni ọwọ́ kejì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iléèwé ní Àgbádárìgì ní 1843, CMS sì fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ọmọ iléèwé pọ̀ ju olùkọ́ lọ, ni wọ́n bá dá iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà sílẹ̀. Ti CMS, Abẹ́òkúta ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Èkó ní 1867, kó tó wá di St Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ní 1896. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà ṣí Wesley College n'Ìbàdàn ní 1905.

Tíṣà ayé ìgbà yẹn kì í ṣe tíṣà lásán. Òun ló ń kọ́ ABD láàárín ọ̀sẹ̀, òun náà ló sábà máa ń darí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Nítorí náà, ìjọ ló ń jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀, ìjọ náà ló sì ń sọ ohun tí ìwà jẹ́. Tíṣà tó bá fẹ́ ìyàwó kejì lè pàdánù iṣẹ́, bó ti wù kó mọ ìṣirò tó. Ó dáa pé ẹnì kan ń ṣọ́ olùkọ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó ń san owó oṣù náà ló tún ń ṣèdájọ́ ìwà. Irú agbára bẹ́ẹ̀ lè dáàbò bo ọmọ, ó sì lè di pàṣán lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ìjọba wá dá sí i díẹ̀díẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1887 fún Èkó mú ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí olùkọ́ wọlé. Láàárín ìgbà yẹn ni rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1896 gba Ifọ̀ kọjá lọ s'Ábẹ́òkúta, tó sì dé Ìbàdàn. Òfin 1926 ló wá le jù: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ni ní iléèwé ní gúúsù Nàìjíríà bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn olùkọ́. Èrò tí à ń pariwo rẹ̀ lónìí, pé kí tíṣà forúkọ sílẹ̀ kó tó kọ́ni, ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn tíṣà fúnra wọn náà kò sùn. Ní 1931, wọ́n dá ẹgbẹ́ NUT sílẹ̀ l'Ékòó, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, òun náà ló tún wá di ọ̀gá Abeokuta Grammar School ní 1932. Lára ohun tí ẹgbẹ́ yìí jà fún fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé kí iṣẹ́ olùkọ́ ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, bí dókítà àti lọ́yà ṣe ní tiwọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí olùkọ́ máa jẹ́rìí olùkọ́, kí olùkọ́ sì máa bá olùkọ́ wí.

Àmọ́ kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ọmọ iléèwé ya lù wá. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000 ní 1954, ó di 811,000 ó lé ní 1955. Níbo la ti fẹ́ rí tíṣà tó tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan? Wọ́n mú ẹni tí wọ́n rí. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 1976, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ di ti gbogbo Nàìjíríà. Bí ebi bá ń pa ilé, kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tó gbé oúnjẹ wá léèrè pé ta ni bàbá ẹ.

Látìgbà náà, ìwé ni gbogbo wa ń lé. Lẹ́yìn àbọ̀ ìgbìmọ̀ Ashby ní 1960, wọ́n dá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní NCE sílẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè wá sọ NCE di ìwé tó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní. Ní Ògùn tiwa, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1976, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1978, òun ló sì di yunifásítì ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ Tai Solarin ní 2005, ní Ìjàgun.

Ní 1993 ni òfin gbé TRCN kalẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, àmọ́ ọdún 2000 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Ipele mẹ́rin ni wọ́n pín olùkọ́ sí: A fún ẹni tó ní PhD, B fún ẹni tó ní másítà, C fún ẹni tó ní dìgírì, D fún ẹni tó ní NCE. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gba PhD nínú kẹ́mísírì, tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni rárá, ó ṣì ní láti lọ ṣe PGDE tàbí irú rẹ̀. Láti 2017, ìdánwò tún wà.

Òfin yẹn kò fi mọ sórí ìwé. Ó ní ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwà rere, kó ti pé ọdún mọ́kànlélógún, kí ilé ẹjọ́ kankan má sì tíì dá a lẹ́bi jìbìtì tàbí àìṣòótọ́. Ìgbìmọ̀ wà tó lè gbọ́ ẹ̀sùn, tó sì lè yọ orúkọ olùkọ́ kúrò. Ohun tí NUT béèrè ti wà nínú ìwé òfin báyìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di tiwa nìyí. Ojú títì Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, Mowé àti Ìbàfò sì kúrò ní abúlé, wọ́n di ìlú àwọn tó wá láti ibi gbogbo. Ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ, o lè má mọ orúkọ rẹ̀. Tíṣà tó wọlé lóṣù tó kọjá lè kúrò lóṣù tó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Aládùúgbò kò lè jẹ́rìí mọ́, ìjọ kò ni iléèwé púpọ̀ mọ́. TRCN ló kù, àmọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wọn, wọn kò lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ìjọba àpapọ̀ fi òpin 2019 ṣe gbèdéke fún àwọn tí kò tíì forúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀, owó oṣù kékeré táwọn iléèwé mìíràn ń san, ẹni tó ti náwó gba PGDE kò ní gbà á. Ẹni tí kò ní nǹkan kan ni yóò gbà á.

Kódà ẹni tó forúkọ sílẹ̀, kí ni ẹ̀rí ìwà rẹ̀? Ìdánwò lè wádìí bóyá o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́, kò lè wádìí ohun tí o ń ṣe nígbà tí ìlẹ̀kùn kíláàsì bá tì. Níbi táwọn ọ̀rẹ́ wa ń japa lọ, wọ́n ń wo àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá kí ẹnikẹ́ni tó dé iwájú ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń gba ìtẹ̀ka tíṣà. Àwa náà kò ṣófo. Ní 2019, NAPTIP ṣí àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tó fipá bá ènìyàn lò pọ̀. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníléèwé n'Ífọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù rẹ̀ kó tó gbani síṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni, bó ṣe ìgbà díẹ̀ lẹ fẹ́ fi ṣe é, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí àtijapa nìkan. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá fẹ̀sùn èké kàn yín, ó sàn kó jẹ́ olùkọ́ ẹgbẹ́ yín ló ń gbọ́ ẹjọ́ ju kó jẹ́ ẹni tó ń san owó oṣù lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bímọ, kẹ́ ẹ tó sanwó iléèwé, ẹ béèrè nọ́ńbà TRCN tíṣà ọmọ yín, kẹ́ ẹ sì béèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Ẹ pe ibẹ̀. Àwọn baba wa mọ ilé ọ̀gá kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Ní ìlú tí a kò ti mọ ilé ara wa, a ní láti béèrè.