Babalọlá, Joseph Ayọ̀ (1904–1959)

Wòlíì àti ajíhìnrere, ọmọ Odò-Ọwà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ìlú tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 1904 ni a bí i. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kó tó di awakọ̀ katakata tí ń tẹ ojú títì lábẹ́ P.W.D., ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà.

Ní oṣù kẹwàá 1928, bó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì jẹ́rìí pé òun gbọ́ ohùn Ọlọ́run tó ní kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó oṣù ìjọba kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ láyé ìgbà náà. Ìtàn ìjọ sọ pé lọ́jọ́ ọjà ló wọ Odò-Ọwà, eérú lára, màrìwò lọ́rùn, agogo lọ́wọ́, tó ń kéde ìrònúpìwàdà.

Ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà, ní oṣù keje 1930, sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Láti inú rẹ̀ ni Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, C.A.C., ti gbilẹ̀. Ní 1932, ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ìwàásù rẹ̀.

Ààwẹ̀, àdúrà àti ìsẹ́ra-ẹni ni òpó ayé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀ ṣe kedere: ìfẹ́ Ọlọ́run ṣáájú ìfẹ́ inú ẹni. Ó kú ní Ẹdẹ, ọjọ́ 26 oṣù keje 1959.