Tòkunbọ̀: Orúkọ Tí Ó Gba Orí Omi Wọlé

Orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí ní alẹ́ òní: Tòkunbọ̀. Ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin náà ń jẹ́ ẹ. Èyí kò yẹ kí ó ya akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa lẹ́nu, nítorí "ó" kan náà ni a fi ń tọ́ka sí baba àti ìyá. Ọ̀nà tí ọmọ gbà wọlé ni orúkọ yìí ń ròyìn. Kò bèèrè bóyá akọ ni tàbí abo.

Bí a bá tú u palẹ̀, "ti òkun bọ̀" ni. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí a sì gbé wá sílé, ni a máa ń sọ ọ́. Àwọn kan ń kà á mọ́ orúkọ àmútọ̀runwá. Èmi kà á mọ́ àbísọ, nítorí ìrìn-àjò òbí ni ó fà á, kì í ṣe àmì kan lára ọmọ.

"Bọ̀" ni kí a tẹjú mọ́. Ẹni tí ó lọ ni ó ń bọ̀: a ti oko bọ̀, a ti ọjà bọ̀. Ọmọ tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù kò kúrò ní Èkó rí, kò tilẹ̀ mọ Èkó. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ní ó padà wálé ni. Àwọn òbí ti sọ ibi tí ilé ọmọ wà kí ọmọ fúnra rẹ̀ tó lè sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí ní etí òkun Èkó, níbi tí òkun ti jẹ́ ọ̀nà àlọ-àìbọ̀ fún àwọn tí a tà lẹ́rú, kí àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó bẹ̀rẹ̀ sí padà dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Kì í ṣe ọmọ nìkan ni ó ń ti òkun bọ̀. Ní ọdún 1904, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní ti Ẹ̀gbá lọ kí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1906, a bí ọmọ kan sí ìdílé Adémọ́lá ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Adétòkunbọ̀. Lójú tèmi, adé ni ó rin ìrìn-àjò níbẹ̀, ọmọ kọ́. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá yìí ni ó di Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ wa láti ọdún 1958 títí di 1972. Ní ti obìnrin, Dókítà Ọlátòkunbọ̀ Awólọ́wọ̀ Dòsùmú ti ṣe aṣojú Nàìjíríà ní ilẹ̀ Netherlands.

Èbúté Àpápá, tí a parí apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1926, ni ẹnu ọ̀nà tí a wá mọ̀ jù lọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ Elder Dempster mẹ́ta ni ó ń kó èrò láti Liverpool wá sí Èkó: Accra, Aureol, àti èyí tí ń jẹ́ Apapa gan-an. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò lójú omi. Nígbà tí Aureol fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1974, bàálù ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ojú òfurufú ni ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ ń gbà wọlé. N kò sì tí ì gbọ́ ẹni tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Tòfurufúbọ̀.

Ṣùgbọ́n òkun kò dákẹ́. Ajégúnlẹ̀ ni ó múlé ti Àpápá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté ń gbé: Ìlàjẹ, Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò àti Yorùbá. Orúkọ àdúgbò náà pàápàá dùn ún gbọ́, nítorí bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ ni ajé ṣe gúnlẹ̀. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní ọdún 1986, mọ́tò tuntun di ohun àwòmọ́jú. Àlòkù láti Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀m ni ó ń wọlé, ní Àpápá àti ní Tin Can Island tí a ṣí ní ọdún 1977. Kí ni àwọn ènìyàn sọ wọ́n? Tòkunbọ̀. Fíríìjì di tòkunbọ̀, táyà di tòkunbọ̀. Ní ọdún 2020, ọ̀rọ̀ náà wọ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford, ó sì wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọjà àlòkù.

Mo pe ọmọbìnrin kan ní Tòkunbọ̀ nínú kíláàsì mi nígbà kan. Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ti ènìyàn ni àbí ti mọ́tò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọmọ náà bi mí bóyá òun lè yí orúkọ òun padà. Mo sọ fún un pé mọ́tò ni ó yá orúkọ lọ́wọ́ ènìyàn, kò sì yá a láti fi ṣe ẹ̀sín: ẹni tí ó bá ń ta tòkunbọ̀ ń fi í yangàn lórí èyí tí a ti lò gbó ní Nàìjíríà níbí. N kò mọ̀ bóyá ìdáhùn náà tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Orúkọ kan náà ti sọdá sí òdì kejì. Òbí Giannis kúrò ní Èkó lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì ní ọdún 1991. Ibẹ̀ ni a bí i sí ní 1994. Nítorí pé èdè Gíríìkì kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ìró d tàbí b, Adétòkunbọ̀ di Antetokounmpo, bẹ́ẹ̀ ni a sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ tí ó fi gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà ní 2021. Ní ọdún 2024, fíìmù kan jáde lórí ìrìn-àjò rẹ̀ sí Nàìjíríà, ilẹ̀ tí a kò bí i sí. Àkọlé fíìmù náà pe ìrìn-àjò yẹn ní ìpadàbọ̀ sílé.